Orúkọ Tó Wà ní Apá Òsì

Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí mi tí mi ò kọ nǹkan kan sí mọ́. Kò tóbi, ó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ọdún mẹ́rin ni mo sì fi gbé e kiri. Mo fi rúlà fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan: apá ọ̀tún wà fún àwọn tó gba Jésù nígbà tí mo wàásù fún wọn, apá òsì wà fún àwọn tó kọ̀. Orúkọ, ọjọ́, ibi tí a ti pàdé. Bí apá ọ̀tún bá pọ̀ lọ́sẹ̀ kan, màá sùn fọnfọn. Bí apá òsì bá pọ̀, màá gbààwẹ̀, màá bẹ Ọlọ́run pé kó fi ibi tí mo ti kùnà hàn mí.

Kò sẹ́ni tó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtara ló tì mí sí i, ìtara náà kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Mo gbà gbọ́ nígbà náà, mo sì gbà gbọ́ lónìí, pé Jésù Kristi kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, pé Ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta, àti pé kò sí ìròyìn mìíràn létí ọmọ aráyé tó ṣe pàtàkì tó o. Ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, tó wá gbé e pamọ́ sínú, ìfẹ́ wo ló ní sí ọmọnìkejì rẹ̀? Ìbéèrè yẹn ṣì ń lé mi jáde nílé. Ohun tó ti yí padà ni ojú tí mo fi ń wo àwọn tó wà lápá òsì, àwọn ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ọ̀kan nínú wọn kò ní orúkọ nínú ìwé náà. "Bàbá inú ọkọ̀" ni mo kọ. A jókòó ti ara wa nínú ìrìn àjò wákàtí mẹ́ta. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra ni mo bẹ̀rẹ̀: ikú, ìdájọ́, àgbélébùú, ìpinnu. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo fún un ní ìwé ìléwọ́ kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó nù ún, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá ká a pa dà sí ojú ibi tí wọ́n ti ká a tẹ́lẹ̀, ó fi èékánná tẹ ojú ìká náà kó lè dọ́gba, ó sì nà án sí mi.

"Mo ti kà á, ọmọ mi," ló wí. "Mi ò gba ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n tọkàntọkàn lo fi fún mi, mi ò sì fẹ́ lọ sọ ọ́ sílẹ̀ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Gbà á, kó o lè fún ẹlòmíràn."

Mo gbà á. Ìwé náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ọwọ́ rẹ̀. Mo yíjú sí fèrèsé, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé. Òun kọ́ ló dákẹ́. Nígbà kan ó bi mí bóyá atẹ́gùn kò pọ̀ jù fún mi, mo kàn mi orí ni. Lójú mi, ó ti kọ̀, ọ̀rọ̀ èmi àti òun sì ti parí. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé nínú àwa méjèèjì, òun nìkan ló fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó sì ka gbogbo ohun tí mo fún un. Èmi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń lọ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni tàbí ó ń lọ sìnkú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un rí, tó wá fi ìwà rẹ̀ ba ọ̀rọ̀ ọ̀hún jẹ́.

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn wọ́pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Obìnrin kan tẹ́tí sí mi dáadáa lọ́jọ́ kan, títí mo fi ka ẹsẹ Bíbélì kan tó mọ̀ sórí. Ó bá mi parí rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹni tó kọ́ mi ní ẹsẹ yẹn ló jẹ owó ìyá mi mọ́lẹ̀." Kò pariwo, kò sì bínú sí mi. Mo kọ ọ́ sápá òsì pé ó kọ Jésù. Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà ta gan-an ló kọ̀.

Apá ọ̀tún náà ní tirẹ̀. Obìnrin mìíràn wà níbẹ̀ tó gba àdúrà ìgbàlà tẹ̀lé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo kan ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ń ké nínú yàrá ní gbogbo àsìkò náà. Mo ní kó wí tẹ̀lé mi, ó wí. Mo bi í bóyá ó gbà, ó ní òun gbà. Mo fi ayọ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń wá?" Ibi tí mo dúró sí, Bíbélì lábẹ́ apá, ni mo ti rántí igbe ọmọ yẹn. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbé. Gbígbà tó ní òun gbà ló máa jẹ́ kí n tètè máa lọ.

Jésù fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti wàásù rẹ̀ ní àìmọye ìgbà láìjẹ́ pé mo gbọ́ ọ. Nínú òwe afúnrúgbìn tó wà nínú Mátíù orí 13, èyí tó bọ́ sórí àpáta ló tètè hù. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó sì fi ayọ̀ gbà á lójú ẹsẹ̀ ni, àmọ́ kò ní gbòǹgbò. Oríṣi ilẹ̀ mẹ́rin ni irúgbìn bọ́ sí, ọ̀kan ṣoṣo ló so èso, bẹ́ẹ̀ afúnrúgbìn kan náà ni, irúgbìn kan náà sì ni. Bó bá ṣe pé èmi ni mo dúró létí oko yẹn pẹ̀lú ìwé mi, àwọn ti orí àpáta ni màá kọ́kọ́ kọ sápá ọ̀tún.

Ìfẹ́ láti rí orúkọ lápá ọ̀tún sì mú mi ṣe ohun kan tó ṣì ń dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo rí i pé bí mo bá ti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, ojú àwọn ènìyàn máa ń yí padà, mo bá fò ó. Mo rí i pé ẹni tó ń ṣàìsàn máa ń tẹ́tí bí mo bá ní yóò sàn, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń tẹ́tí bí mo bá ní iṣẹ́ yóò dé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé tí mo bá ti gba Jésù, iṣẹ́ á dé. Ṣé ó dé?" Ojú mi ni ó ń wò tààrà. Mi ò ní èsì. Kì í ṣe Jésù ni mo fún un, iṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ mi ni mo ṣèlérí fún un, mo kàn fi orúkọ Jésù tì í lẹ́yìn ni. Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, mo ṣì ń gbàdúrà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìhìnrere tí a ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè wọ ẹnu ọ̀nà, kí ni ènìyàn fẹ́ fi dúró nígbà tí ìjì bá dé? Pọ́ọ̀lù mọ̀ dáadáa pé ohun ìkọ̀sẹ̀ ni Kristi tí a kàn mọ́ àgbélébùú jẹ́ fún àwọn Júù, àti pé òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ ló jẹ́ fún àwọn Gíríìkì. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì bẹ́ẹ̀, kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó pé sàn lójú mi báyìí ju kí wọ́n gba èyí tí mo ti bù kù.

Èmi náà wà lápá òsì lọ́wọ́ ẹnì kan.

Arákùnrin kan ni, ó tó ọdún mẹ́jọ tó fi jù mí lọ, a jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá mi sọ̀rọ̀ Jésù. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú Jésù yín." Gbogbo iyàrá dákẹ́. Ó ní, "Ó ti dára, àbúrò." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, iṣẹ́ kan tí mi ò lè parí kó tó di alẹ́, òun ló dúró tì mí tí a fi jọ parí rẹ̀, kò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Kí ọdún tó yí po, ó ti kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ láti kùn mí, ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ohùn tó fi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo ti wá a, mi ò rí i. Ní ti ohun tó mọ̀, mo kọ̀. Ohun tí mo sọ sí i lójú àwọn ènìyàn lọ́jọ́ yẹn nìkan ló mú lọ. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi ni mi ò ti lè wo orúkọ kankan lápá òsì kí n má rí orúkọ tèmi láàárín wọn.

Mo padà sínú Bíbélì láti wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, Pọ́ọ̀lù dúró ní Áréópágù nílùú Áténì, ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé orí àjíǹde òkú, àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Àwọn kan ní àwọn yóò tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn kan gbàgbọ́, lára wọn ni Díónísíù ará Áréópágù àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Dámárì. Ìwàásù kan, èsì mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí ló mú mi dúró. Wọn ò ní àyè nínú ìwé mi. Ẹni tó bá ní "ó dìgbà mìíràn," apá òsì ni mo ń tì í sí, nígbà tó ṣe pé ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Eruku ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ti fi ẹsẹ Bíbélì yẹn ṣe idà rí. Lóòótọ́ ni Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ibi tí wọn ò bá ti gbà wọ́n, kí wọ́n gbọn eruku ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ṣe é gẹ́lẹ́ ní Áńtíókù ti Písídíà, wọ́n sì kọrí sí Íkóníónì. Ibẹ̀ ni mo máa ń pa ìwé dé sí. Ẹ ṣí ojú ewé kan sí i. Ní Ìṣe orí 14, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ Pọ́ọ̀lù lókùúta ní Lísírà, tí wọ́n rò pé ó ti kú, tí òun àti Bánábà sì ti wàásù ní Dábè, wọ́n yí padà. Wọ́n gba Lísírà kọjá, wọ́n gba Íkóníónì, wọ́n sì tún dé Áńtíókù, ibi tí wọ́n ti gbọn eruku ẹsẹ̀, láti fún ọkàn àwọn tó ti gbàgbọ́ níbẹ̀ lókun. Wọ́n gbọn eruku, wọn ò dí ọ̀nà. Èmi dí i. Mo mọ iye ènìyàn tí mi ò kí mọ́ nítorí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi, mo sì pe ìyẹn ní ìgbọràn.

Ti Jòhánù tún wá. Abúlé kan ní Samáríà kọ̀ láti gba Jésù, Jákọ́bù àti Jòhánù sì ń bèèrè bóyá kí àwọn pe iná láti ọ̀run kó jó wọn run. Jésù bá wọn wí, wọ́n gba abúlé mìíràn lọ. Lúùkù 9 nìyẹn. Nígbà tó di Ìṣe orí 8, tí àwọn ará Samáríà gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu Fílípì, ta ni wọ́n rán láti Jerúsálẹ́mù kó lọ gbàdúrà fún wọn? Pétérù àti Jòhánù. Jòhánù tó fẹ́ pe iná ló gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, wọ́n ń wàásù ní ọ̀pọ̀ abúlé Samáríà lójú ọ̀nà. Mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń na ọwọ́ náà.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú Máàkù orí 10 ni mo ti ń padà sí jù. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó béèrè ohun tó yẹ kó ṣe láti jogún ìyè àìnípẹ̀kun. Máàkù nìkan ló sọ pé Jésù wò ó, Ó sì fẹ́ràn rẹ̀, kó tó di pé Ó sọ ohun tó kù fún un. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó bá tirẹ̀ lọ. Jésù kò sáré tẹ̀ lé e láti dín ohun tó sọ kù. Kò sì bú u. Ó jẹ́ kó máa lọ, ìfẹ́ tó wà lójú rẹ̀ kò sì tíì kúrò. Èmi ò mọ bí a ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀. Bí mo bá fẹ́ràn ènìyàn, màá fẹ́ dín ọ̀rọ̀ náà kù fún un. Bí mi ò bá sì dín in kù, tó wá kọ̀, ìfẹ́ náà á tutù. Ohun tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ nìyẹn, mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Nínú ìtàn àwọn míṣọ́nnárì, Adoniram Judson ni mo máa ń rò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Ann dé Rangoon ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) lọ́dún 1813. Oṣù kẹfà ọdún 1819 ló tó ṣe ìrìbọmi fún ẹni àkọ́kọ́, Maung Nau. Ọdún mẹ́fà. William Carey dé Íńdíà lọ́dún 1793, ìparí ọdún 1800 sì ni Krishna Pal ṣe ìrìbọmi; káfíńtà ni, eegun èjìká rẹ̀ ló yẹ̀, tí Dókítà John Thomas, alábàáṣiṣẹ́ Carey, bá a tò ó padà. Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ìtàn wọ̀nyí kí ẹni tó bá ń dúró má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Àmọ́ ohun tí Judson ṣe lọ́dún 1819 ló gbà mí lọ́kàn. Ó kọ́ àtíbàbà kan sí etí ọ̀nà, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní zayat, tí arìnrìn-àjò máa ń yà sí láti sinmi, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lè yà, kó jókòó, kó gbọ́, kó bi í léèrè, kó dìde. Láàárín àwọn tó wá jókòó bẹ́ẹ̀ ni Maung Nau ti wá.

Kì í ṣe gbogbo oníwàásù tó bá jókòó dúró bẹ́ẹ̀ ló máa rí ẹni tó máa gbà. Wòlíì Jeremáyà sọ pé ọdún 23 ni òun ti fi ń bá àwọn ará Júdà sọ̀rọ̀, wọn ò sì gbọ́. Ọlọ́run kò tìtorí ìyẹn pè é ní ẹni tó kùnà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò lápá òsì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi rí. Ó ní, "Mo mọ ohun tí o gbà gbọ́, mo sì mọ̀ pé o fẹ́ràn mi lo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Má bá mi sọ ọ́ mọ́, àfi tí mo bá bi ọ́." Ó dùn mí wọnú eegun. Ó tó ọdún kan tí mi ò fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, mo sọ fún un pé mo jẹ̀bi, pé kíkọ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ mi ló lé mi lọ, pé kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó sún lórí àga, mo jókòó. A kò sọ nǹkan tó pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà tó pè mí lóru. "Màámi ti kú," ló wí. "Má wàásù o. Wá jókòó tì mí."

Mo lọ. Aago ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún nítorí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò wàásù. Àdúrà tí mo gbà, inú ni mo gbà á sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, ó sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Ṣé o gbà lóòótọ́ pé òkú ń jíǹde?"

"Mo gbà."

"Pẹ̀lú ara? Ọwọ́, ojú, gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó tún yí aago náà. "Sọ ọ́ fún mi," ló wí. "Má sáré."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti gbé òróró olóòórùn dídùn lọ sí ibojì, tí wọ́n ń bi ara wọn ta ni yóò bá àwọn yí òkúta náà. Mo sọ fún un pé àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà gan-an kò gbà á gbọ́, àwọn àpọ́sítélì fúnra wọn rò pé ìsọkúsọ ni. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì. Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, mo sì sọ pé mi ò mọ èkejì. Nígbà tí mo parí, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé láti ojú fèrèsé.

"Mo gbọ́," ló wí.

Ó fi aago náà sórí tábìlì, ó dìde, ó ní kí n bá òun ká aṣọ ìyá òun. A jọ ká a.